Iṣẹ́ package handler ní Amẹ́ríkà: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí gbígbé ẹrù àti àyẹ̀wò ibi iṣẹ́

Ẹni tó ń já ẹrù, tó ń ṣà á, tàbí tó ń lóòdù rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù jíṣẹ́ ní Amẹ́ríkà la kọ èyí fún, àti ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń fi í bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, torí pé kò béèrè ìwé-ẹ̀rí, èèyàn sì lè máa ṣe é mọ́ ilé-ìwé. Nǹkan méjì ló máa ń dẹ́rù bà wọ́n níbẹ̀: ìyára iṣẹ́ náà, àti olùyẹ̀wò tó máa ń yọ sí wọn láìròtẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ohun kan náà ló ń yanjú méjèèjì, ìyẹn ni kí èèyàn mọ ìdí tí wọ́n fi ní kó ṣe nǹkan bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é.

Iṣẹ́ wo gan-an ni mo ń lọ ṣe?

Ọ̀kan nínú mẹ́ta ni. Ẹ lè máa já ẹrù láti inú tírélà sórí bẹ́líìtì. Ẹ lè dúró níbi tí wọ́n ti ń ṣà á gẹ́gẹ́ bí ìlú tó ń lọ. Ẹ sì lè wà ní ẹnu ilẹ̀kùn níkẹyìn, kí ẹ máa lóòdù rẹ̀ sínú tírélà mìíràn tàbí sínú ọkọ̀ tó ń pín in kiri àdúgbò. Shift ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti àárọ̀ dalẹ́ máa ń tó wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún, òru tàbí ìdájí ló sì sábà máa ń bọ́ sí. Ní Worldport, ibùdó ńlá ilé-iṣẹ́ UPS ní Louisville, ìpínlẹ̀ Kentucky, òru ni iṣẹ́ ń gbóná jù, nítorí ọkọ̀ òfuurufú á balẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n á sì tún gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀rọ ibẹ̀ lè ṣà ju ẹrù 400,000 lọ ní wákàtí kan, síbẹ̀ ọwọ́ èèyàn ló ń kó ẹrù jáde nínú àpótí ọkọ̀ òfuurufú, ọwọ́ èèyàn náà ló sì ń tò ó padà.

Báwo ni ẹrù kan ṣe lè wúwo tó?

Ní UPS àti FedEx Ground, ẹrù kan ò gbọ́dọ̀ ju pọ́ùn 150 lọ, ìyẹn nǹkan bíi kílò 68. Gígùn rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ínṣì 108 lọ. Bí wọ́n bá sì ro gígùn náà pọ̀ mọ́ àyíká rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kọjá ínṣì 165. Ní UPS, èyí tó bá ju pọ́ùn 70 lọ gbọ́dọ̀ ní lébẹ́ẹ̀lì tó ń kìlọ̀ pé ó wúwo. Tí ẹ bá rí lébẹ́ẹ̀lì yẹn, ẹ pe ẹnì kejì tàbí kí ẹ wá kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù.

Ẹ má kàn fọkàn tán ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹni tó fẹ́ dín owó ìfiránṣẹ́ kù lè kọ pọ́ùn 30 sórí ohun tó jẹ́ 55. Páálí kékeré tí wọ́n kó irin, ìwé tàbí táìlì sí máa ń tan ojú jẹ ju páálí ńlá lọ.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gbé ẹrù mọ̀ rèé. NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, fi pọ́ùn 51 ṣe òṣùwọ̀n fún ìgbà tí gbogbo nǹkan bá rọgbọ: ẹrù náà sún mọ́ ara, kò sí nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹni tó ń gbé e ò sì lọ́ ara. Nínú ìṣírò wọn, bí ọwọ́ tó di ẹrù mú bá jìnnà sí ara tó ínṣì 20 dípò ínṣì 10, òṣùwọ̀n yẹn á já sí ìdajì. Ẹrù pọ́ùn 25 tí ẹ nawọ́ gbé ní ọ̀ọ́kán lè ṣe ẹ̀yìn yín ní ohun tí èyí tó jẹ́ 50 ń ṣe nígbà tí ẹ bá gbé e mọ́ra. Ìdí nìyí tí olùyẹ̀wò fi máa ń wo àlàfo tó wà láàárín ikùn yín àti páálí kó tó wo ohunkóhun mìíràn.

Kí ni ọ̀nà tó tọ́ láti gbé e?

Ẹ sún mọ́ ọn títí kò fi ní sí àyè láàárín yín. Ẹ ya ẹsẹ̀, kí ọ̀kan ṣíwájú díẹ̀, kí ó sì kọjú sí ibi tí ẹ ń gbé ẹrù lọ. Orúnkún ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe ìbàdí. Kí ẹ tó gbé e, ẹ fi ọwọ́ kan gbé igun rẹ̀ sókè díẹ̀ láti dán an wò: ẹ ó mọ bó ṣe wúwo tó, ẹ ó sì mọ̀ bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ ń yí. Ẹ di igun méjì tó dojú kọra mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ gbé e sókè wọ́ọ́rọ́wọ́, láìjà á gbà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbẹ́sẹ̀ yí padà.

Ibi ìyípadà yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe ara wọn léṣe. Bẹ́líìtì wà lẹ́yìn, ògiri ẹrù wà níwájú, ẹsẹ̀ wá dúró sójú kan, ìbàdí ló ń lọ́ sọ́tùn-ún sósì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lóru kan. Kò ní í dun èèyàn lọ́jọ́ náà. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ló máa ń hàn, nígbà tí wíwọ bàtà bá di ogun.

Bí ẹrù bá sì ń bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó bọ́, ẹ yọ ẹsẹ̀ yín kúrò níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ á san owó ohun tó fọ́.

Tí mo bá ń já ẹrù, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Láti òkè. Ẹni tó bá fa páálí yọ ní ìsàlẹ̀ ti pe gbogbo ògiri náà wá sórí ara rẹ̀. Kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn tírélà tán, ẹ kọ́kọ́ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ yọjú wo bóyá ẹrù ti fara ti ilẹ̀kùn, torí ó máa ń yí lójú ọ̀nà. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má dúró sí ọ̀ọ́kán. Ohun tó bá ga ju èjìká lọ, ẹ gun àga ìjẹ́rù tí wọ́n pèsè, ẹ má gun páálí, ẹ má sì gun rọ́là. Ẹ máa kó ohun tó bá já bọ́ sílẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, nítorí páálí pẹlẹbẹ tó wà nílẹ̀ ló ń gbé èèyàn ṣubú nígbà tó bá ń fẹ̀yìn rìn.

Kí ni wọ́n ń pè ní ògiri, kí ló dé tí ọ̀gá fi ń pariwo lé e lórí?

Ẹrù inú tírélà kì í ṣe ohun tí a kàn ń jù sínú. Ìpele-ìpele la ń tò ó, láti ilẹ̀ dé òkè, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ìpele kọ̀ọ̀kan yẹn ni ògiri. Páálí tó wúwo, tí igun rẹ̀ sì gún, ló ń wà nísàlẹ̀. Bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù náà ni: àárín páálí òkè ni kó jókòó lé orí ojú ìpàdé méjì ìsàlẹ̀. Bí gbogbo ojú ìpàdé bá tò gbọọrọgbọ láti òkè délẹ̀, òpó lẹ kọ́, ẹ ò kọ́ ògiri. Bírééki kan péré láti ọwọ́ awakọ̀, òpó náà á wó.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun méjèèjì, kí páálí tó le dúró síbẹ̀, kí ẹ tó kún àárín. Àlàfo tó bá kù, ẹ fi páálí kékeré dí i. Ohun fúyẹ́fúyẹ́ àti àpò ló ń lọ sókè, ibi tí kò sí ohun tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí lébẹ́ẹ̀lì kọjú sí òkè tàbí síta kó lè ṣe é kà. Ohun tó bá ní ìrísí àrà, bíi táyà, páìpù tàbí garawa, ilẹ̀ ni àyè rẹ̀. Ẹ má fi wọ́n sáàárín ògiri, torí ohun roboto kì í gbé ẹrù dúró. Garawa tó ní nǹkan ṣíṣàn nínú, kí ìdérí rẹ̀ wà lókè, kí ó sì jókòó sórí ilẹ̀ gangan, torí bó bá jò láti òkè, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló máa bàjẹ́.

Ohun tó ń ba ògiri jẹ́ ni ìgbà tí bẹ́líìtì bá ya bo èèyàn. Ẹrù á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó kọ́kọ́ bá pàdé lélẹ̀, páálí bàtà á wá wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á wà lórí rẹ̀. Lásìkò yẹn, ẹ fa mẹ́rin tàbí márùn-ún tó wúwo sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri, ẹ kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyókù. Ẹ sì kígbe pe ọ̀gá pé ó ti pọ̀ jù. Pípe ọ̀gá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ ni wọ́n ń rí ògiri tó wó lọ́wọ́ rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè yára ka lébẹ́ẹ̀lì láìṣìnà?

ZIP code, ìyẹn nọ́ńbà tó ń gbẹ̀yìn àdírẹ́sì, ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ bá. Nọ́ńbà márùn-ún ni. Àkọ́kọ́ ń sọ agbègbè: 0 wà ní àríwá ìlà-oòrùn, 9 sì wà ní etíkun ìwọ̀-oòrùn. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń sọ ibùdó tí wọ́n ti ń ṣà á: 606 ni Chicago, 770 ni Houston, 303 ni Atlanta, 112 ni Brooklyn, 207 sì wà ní Maryland. Àwọn mẹ́ta yìí ni ẹni tó ń ṣà ẹrù ń kọ́ sórí.

Èyí tó ń ṣini lọ́nà jù ni nọ́ńbà tó pààrọ̀ àyè. 606 ni Chicago, ṣùgbọ́n Kansas ni 660. 770 ni Houston, ṣùgbọ́n Louisiana ni 707. Bí ojú bá ti rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kẹta, ìwọ̀nyí ló ń kó èèyàn sí wàhálà. Ẹ ka nọ́ńbà náà sókè lọ́kàn yín, ẹ má kàn fojú gbá a.

Nọ́ńbà ìtọpinpin UPS tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1Z ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 18. Lẹ́yìn 1Z, mẹ́fà tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti oníbàárà tó fi í ránṣẹ́. Méjì tó tẹ̀ lé ìyẹn ń sọ irú ìrìnàjò rẹ̀: 01 ni ti ọ̀la, 02 ni ti ọjọ́ kejì, 03 ni ti orí ilẹ̀. Bí ẹ bá rí 01 láàárín ẹrù orí ilẹ̀, ẹ yọ ọ́ kíákíá, torí ọkọ̀ òfuurufú kan ń dúró dè é.

Ẹrù eléwu ńkọ́?

Ẹ̀ka mẹ́sàn-án ni òfin Amẹ́ríkà pín wọn sí. Ẹ ó rí àmì onígun mẹ́rin tó dúró lórí igun kan, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀ka rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kan ẹrù wọ̀nyí gbọ́dọ̀ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tuntun lè fi 90 ọjọ́ ṣe é lábẹ́ ojú ẹni tó ti gbà á, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un kọ́ ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Tí wọn ò bá tíì kọ́ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ pe ẹni tó ni í.

Bátìrì lithium ló ń kó wa láyà sókè jù. Ẹ̀ka kẹsàn-án ló wà. UN3480 ni ti lithium-ion tó dá wà nínú páálí, UN3481 sì ni èyí tó wà nínú ẹ̀rọ tàbí tí wọ́n dì pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni wọ́n ti ní kí UN3480 má ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó èrò gẹ́gẹ́ bí ẹrù mọ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ọkọ̀ ẹrù gbé e, agbára inú rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Tí páálí bá gbóná lọ́wọ́, tó wú, tàbí tó ń dún sììì, ẹ sá sẹ́yìn, ẹ pe ọ̀gá, ẹ má gbé e sórí bẹ́líìtì.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹni tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú. Lọ́fínńdà ń gbiná, ẹ̀ka kẹta ló wà. Ìpara èékánná náà ń gbiná. Agolo sípíréè wà ní ẹ̀ka kejì. Kíkó wọn sáàárín aṣọ láìsọ ọ́ jáde lòdì sófin, àwọn tó ń já ẹrù náà lóru ni wọ́n sì ń fi sínú ewu.

Páálí kan ń jò. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fimú gbóòórùn rẹ̀, ẹ má fi èyíkéyìí lé orí rẹ̀. Ẹ dá bẹ́líìtì dúró bó bá wà lórí rẹ̀, ẹ lé àwọn èèyàn kúrò nítòsí, ẹ pe ẹni tí wọ́n yàn fún ìjò. Páálí tó kàn ya, tí kò jò, ibi ìtúndì ló ń lọ. Téèpù tí ẹ fi bò ó fúnra yín lè bo àmì ewu mọ́lẹ̀.

Ẹrù há sí bẹ́líìtì. Ṣé mo lè gun un láti tú u?

Rárá. Ẹ fa okùn ìdádúró tàbí kí ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa, kí ẹ pe ẹni tó ní àṣẹ. Bọ́tìnnì pupa nìkan ò tó fún ẹni tó máa ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ pa iná rẹ̀ láti orísun, kí wọ́n fi àgádágodo tì í, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò ara rẹ̀. Òfin ní kí wọ́n yẹ ìlànà àgádágodo yìí wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Oríṣi àyẹ̀wò wo ló wà?

Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹ má kó wọn pọ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọ̀gá dúró wo bí ẹ ṣe ń gbé ẹrù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó sì máa sàmì sínú ìwé. Ní UPS, wọ́n tún máa ń ní kí òṣìṣẹ́ ka ìlànà gbígbé ẹrù láti orí. Ẹ kọ́ ọ sórí, kò léwu, ṣùgbọ́n ẹni tó kà á bíi rádíò tó sì lọ́ ìbàdí lójú kan náà kò tíì yege.

Àyẹ̀wò ògiri tún wà. Olùyẹ̀wò á fojú wá òpó, àlàfo, ohun wíwúwo tó wà lókè, lébẹ́ẹ̀lì tó kọjú sódì. Àyẹ̀wò ìṣìnà ni pé kí wọ́n fa ẹrù díẹ̀ yọ nínú ògiri, kí wọ́n wo bóyá ZIP rẹ̀ bá ilẹ̀kùn náà mu, bóyá wọ́n sì scan án. Ẹrù tí kò ní scan ti sọnù lójú kọ̀ǹpútà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà níwájú yín. Èyí tó burú jùyẹn lọ ni èyí tí wọ́n scan sí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n gbé sí òmíràn, nítorí kọ̀ǹpútà á máa fi ìdánilójú parọ́ fún oníbàárà. Ẹ scan, kí ẹ gbé e wọlé lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹ má scan mẹ́wàá sílẹ̀ kí ẹ tó máa kó wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ẹrù eléwu, tí wọ́n máa ń béèrè ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín, àti ti ilé fúnra rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń wò lára ilé?

Ọ̀nà àbájáde gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ínṣì 28 ó kéré tán, kò sì gbọdọ̀ sí páálí kankan níbẹ̀, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Iwájú pánẹ́ẹ̀lì iná gbọ́dọ̀ ṣófo tó ínṣì 36. Ẹrù ò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹnu ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi láti àjà. Ínṣì 18 ni kó wà láàárín wọn, kí omi lè tàn ká. Ohun ìpaná gbọ́dọ̀ ní àmì pé wọ́n wò ó lóṣooṣù. Awakọ̀ forklift gbọ́dọ̀ ti yege, kí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta.

Ti pánẹ́ẹ̀lì iná yẹn ló máa ń kó ilé-iṣẹ́ sí wàhálà, torí ibẹ̀ sábà máa ń ṣófo, ibi tó sì ṣófo ni ọwọ́ ń wá nígbà tí ẹrù bá pọ̀.

OSHA dé. Ṣé mo lè bá wọn sọ̀rọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. OSHA ni àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò ibi iṣẹ́. Òfin ọdún 1970 ló dá a sílẹ̀. Olùyẹ̀wò wọn á fi ìwé ìdánimọ̀ hàn, á ṣe ìpàdé kúkúrú pẹ̀lú ọ̀gá, á rìn yí ilé ká, á sì parí pẹ̀lú ìpàdé mìíràn. Láàárín rẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, láìsí ọ̀gá nítòsí. Ohun tí ẹ fojú rí ni kí ẹ sọ. Bí ẹ ò bá mọ nǹkan, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Bí OSHA bá fẹ́ bá ilé-iṣẹ́ wí, oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní láti kọ ìwé ẹ̀sùn, láti ìgbà tí ẹ̀ṣẹ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta tàbí títí wọ́n á fi tún un ṣe, èyíkéyìí tó bá pẹ́ jù. Ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti takò ó. Ní ọdún 2025, owó ìtanràn tó ga jù fún ẹ̀ṣẹ̀ tó lágbára jẹ́ dọ́là 16,550. Ti ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí tó tún un ṣe dé 165,514.

Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ṣé èmi nìkan ni mo máa lọ?

Bó bá jẹ́ ibi tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà, bíi UPS tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹrù rẹ̀ wà lábẹ́ Teamsters, ẹ lè ní kí aṣojú ẹgbẹ́ jókòó tì yín bí ìbéèrè náà bá lè yọrí sí ìjìyà. Ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ lọ́dún 1975 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Weingarten ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa béèrè fún un. Kò sí ẹni tó máa rán yín létí.

Mo ṣe ara mi léṣe. Ṣé kí n mú un mọ́ra?

Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: aago, ilẹ̀kùn, ohun tí ẹ gbé, ibi tó ń dùn yín. Owó ìtọ́jú àti owó ìgbà tí ẹ ò lè ṣiṣẹ́ wà lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ yín, wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí ẹ sọ ọ́. Bí wọ́n bá dá èèyàn dúró sílé ìwòsàn fún ìtọ́jú, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún OSHA láàárín wákàtí 24. Bí ẹnì kan bá kú, wákàtí mẹ́jọ. Àkópọ̀ ìpalára ọdún tó kọjá sì gbọ́dọ̀ wà lára ògiri níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i, láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì títí dé ọjọ́ 30 oṣù kẹrin. Ẹ lọ kà á.

Tí wọ́n bá fìyà jẹ yín nítorí pé ẹ ké gbàjarè, ọjọ́ 30 péré lẹ ní láti fẹjọ́ sùn sọ́dọ̀ OSHA.

Inú tírélà gbóná jù nígbà ẹ̀rùn. Omi mélòó?

Ife kan tó tó ounces 8, ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Bí òógùn bá dá, tí orí ń fọ́, tàbí tí ẹnì kejì yín ń sọ̀rọ̀ ségesège, ẹ gbé e jáde, ẹ fi omi tútù sí i lára, ẹ pe 911.

Gẹ̀ẹ́sì mi ò já gaara. Ṣé wọ́n lè dá mi lẹ́bi pé mi ò lóye ìdánilẹ́kọ̀ọ́?

OSHA ní kí ilé-iṣẹ́ kọ́ òṣìṣẹ́ ní èdè àti ọ̀rọ̀ tó lè yé e. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n ti kọ́ yín ní ohun tí kò yé yín. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ ṣe é lójú wọn, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fọwọ́ sí i.